Oògùn tó sé èémí mọ́ kókó jẹjẹrẹ nínú: láti ara eku dé ara aláìsàn

Ní ọdún 2018, àwọn olùwádìí ní MD Anderson, ilé ìwòsàn jẹjẹrẹ ńlá tó wà ní Houston ní ìpínlẹ̀ Texas, kéde oògùn tuntun kan tí orúkọ rẹ̀ kò tíì ju lẹ́tà àti nọ́ńbà lọ: IACS-010759. Lára àwọn eku tí wọ́n fún ní jẹjẹrẹ ọpọlọ tàbí jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀, oògùn yìí fa ọwọ́ àìsàn náà sẹ́yìn gan-an, ara àwọn eku náà sì gbà á. Ní 2023, ìròyìn kejì jáde. Oògùn náà ti dé ara ènìyàn, wọ́n sì ti dá ìdánwò rẹ̀ méjèèjì dúró láìrí ìwọ̀n kan tí wọ́n lè ní kí dókítà máa lò. Ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín ìròyìn méjèèjì ni mo fẹ́ tò síbí, torí pé ẹnikẹ́ni tó bá ń fi eku dán oògùn wò, ì báà jẹ́ èròjà láti ilé iṣẹ́ ńlá, ì báà jẹ́ omi ewé àti egbò igi, lè bá irú rẹ̀ pàdé.

Ọ̀pọ̀ oògùn jẹjẹrẹ ló ń bá DNA jà. Mímí sẹ́ẹ̀lì ni eléyìí dojú kọ. Èémí tí à ń fi imú fà kàn ń gbé ọ́síjìn wọlé ni. Inú mitokọ́ńdíríà, àwọn ilé iṣẹ́ agbára kéékèèké tó wà nínú sẹ́ẹ̀lì, ni wọ́n ti ń ná an. Níbẹ̀, ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù tí a yọ lára oúnjẹ ń ti ọwọ́ purotéènì kan bọ́ sí ọwọ́ òmíràn, títí yóò fi kan ọ́síjìn, tí wọn yóò sì di omi. Agbára tó ń tú jáde lójú ọ̀nà ni sẹ́ẹ̀lì fi ń ṣe ATP, èròjà tó ń ná bí owó agbára fún iṣẹ́ rẹ̀ gbogbo. Complex I ni ẹnu ọ̀nà tó tóbi jù lọ níbẹ̀. Ẹyọ purotéènì 45 ló so pọ̀ di ọ̀kan ṣoṣo yẹn lára àwọn ẹranko tó ń fọ́mọ lọ́yàn. Ibẹ̀ gan-an ni IACS-010759 ń dí.

Májèlé ti mọ ibẹ̀ tipẹ́. Rotenone, èròjà tó wà nínú igún, ewé tí àwọn apẹja ilẹ̀ wa máa ń gún dà sínú odò kí ẹja lè léfòó, Complex I yìí kan náà ló ń dí. Ẹja ọ̀hún ń fa omi gba ìjàgbọ̀n rẹ̀ kọjá, ọ́síjìn sì ń wọlé, ṣùgbọ́n sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ kò rí i lò. Ẹni tó bá mọ èyí yóò béèrè pé kí ló mú ẹnikẹ́ni rò pé èèyàn lè gbé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ mì kó sì rí ìwòsàn. Ìbéèrè náà tọ́, àwọn olùwádìí náà sì ní èsì.

Èsì wọn bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ìtàn mímí kókó jẹjẹrẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ní Berlin, ní àwọn ọdún 1920, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, Otto Warburg, máa ń gé kókó tó yọ lára eku sí pẹlẹbẹ tín-ín-rín, yóò fi sínú ìgò tó so mọ́ ọ̀pá tó ń wọn ìfúnpá afẹ́fẹ́, yóò sì máa ka bí ọ́síjìn inú ìgò ṣe ń dín kù. Ó rí i pé kókó ń sọ ṣúgà di lákítéètì, ohun tó máa ń ṣẹ́kù bí sẹ́ẹ̀lì bá já ṣúgà láìlo ọ́síjìn, ní àpọ̀jù, bí ọ́síjìn tilẹ̀ pọ̀ níbẹ̀. Láti orí èyí ló ti gbà pé èémí sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ ló bàjẹ́, kò sì yí ohùn padà títí ó fi dàgbà. Ohun tó wọ̀n tọ̀nà. Àlàyé tó ṣe lórí rẹ̀ ni kò dúró, nítorí ọ̀pọ̀ kókó ló ń lo ọ́síjìn dáadáa bí ẹran ara tó lálàáfíà ṣe ń lò ó. Síbẹ̀, àlàyé yẹn ló jẹ́ kí àwọn tó ń wá oògùn máa lé ọ̀rọ̀ ṣúgà kiri fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí wọ́n fi mímí sílẹ̀ láìfọwọ́ kàn.

Ọ̀nà tí wọ́n gbà padà sórí mímí yani lẹ́nu díẹ̀, torí nǹkan mìíràn ni wọ́n ń wá. HIF ni wọ́n ń wá: purotéènì tó máa ń gbéra nígbà tí ọ́síjìn bá wọ́n nínú kókó, tí yóò sì ran sẹ́ẹ̀lì lọ́wọ́ láti fara dà á. Ilé iṣẹ́ Bayer ní Jámánì ti ní èròjà kan, BAY 87-2243, tó ń rẹ HIF sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n tú ìdí rẹ̀ wò, wọ́n rí i pé Complex I ló ń dí. Bí mitokọ́ńdíríà kò bá ná ọ́síjìn mọ́, ọ́síjìn á ṣẹ́kù nínú sẹ́ẹ̀lì, HIF á sì wó lulẹ̀ fúnra rẹ̀. Irú àwọn èròjà tó ń dènà HIF báyìí ni àwọn ará Houston fi ṣe ìpìlẹ̀, wọ́n ń yí i, wọ́n ń tún un ṣe, títí IACS-010759 fi jáde. Ìwọ̀n bín-ín-tín rẹ̀ ti tó láti dí Complex I, a lè gbé e mì, kò sì bá àwọn purotéènì yòókù lójú ọ̀nà náà jà.

Wọn kò kàn mú jẹjẹrẹ tí ọwọ́ bá bà. Sẹ́ẹ̀lì tó lè mí, tó sì tún lè já ṣúgà láìlo ọ́síjìn, dà bí ilé tó ní iná NEPA tó tún ní jẹnẹrétọ̀: bí o bá já wáyà NEPA, wọn á tan jẹnẹrétọ̀. Torí náà, wọ́n wá ilé tí jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ ti kọṣẹ́. Àwọn jẹjẹrẹ ọpọlọ kan wà tó jẹ́ pé, bí wọ́n ṣe ń dàgbà, abala kan já bọ́ lára kúrómósómù kìíní wọn, jíìnì ENO1 sì bá a lọ. ENO1 ló ń ṣe ẹ́ńsáìmù (purotéènì tó ń mú iṣẹ́ kẹ́míkà yá) pàtàkì kan nínú jíjá ṣúgà. Sẹ́ẹ̀lì tó bá ti pàdánù rẹ̀ kò ní ibòmíràn tó lè gbára lé ju mímí lọ. Bákan náà ni ọ̀pọ̀ sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ tó le, èyí tí àwọn dókítà ń pè ní AML, ṣe gbára lé mímí. Àwọn wọ̀nyí ni wọ́n fún eku, àwọn wọ̀nyí náà sì ni oògùn ọ̀hún pa.

Ibì kan wà nínú iṣẹ́ 2018 yẹn tí mo máa ń padà sí. Èèyàn á rò pé àìsí agbára ló pa sẹ́ẹ̀lì náà, ọ̀rọ̀ tán. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n wo inú sẹ́ẹ̀lì, áspátéètì ló ti lọ sílẹ̀. Áspátéètì wà lára ohun tí sẹ́ẹ̀lì fi ń mọ àwọn bíríkì DNA, kò sì sí bí sẹ́ẹ̀lì ṣe lè mú un jáde tó bí ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kò bá rí ọ̀nà gbà lọ sọ́dọ̀ ọ́síjìn. Ní 2015, ìwádìí méjì tó jáde lẹ́ẹ̀kan náà ti sọ irú ọ̀rọ̀ yìí fún gbogbo sẹ́ẹ̀lì tó ń pín: iṣẹ́ tí wọ́n nílò mímí fún jù lọ ni ṣíṣe áspátéètì. Ohun méjì ni oògùn yìí wá ń gbà lọ́wọ́ kókó lẹ́ẹ̀kan náà, agbára àti ohun ìkọ́lé. Ìrètí tó wà níbẹ̀ hàn kedere. Ọ̀pọ̀ ẹran ara tó lálàáfíà kì í pín lójoojúmọ́, nítorí náà kò nílò bíríkì DNA púpọ̀, ó sì yẹ kí oògùn náà fi wọ́n sílẹ̀ ní àlàáfíà.

Ìrètí náà mọ́gbọ́n dání, ṣùgbọ́n apá kan ọ̀rọ̀ ló gbé yẹ̀ wò. Ẹran ara tí kò nílò bíríkì ṣì nílò agbára.

Nígbà tó dé ara ènìyàn

Ìdánwò ìpele kìíní méjì ni wọ́n ṣe. Aláìsàn 17 tí AML wọn ti padà wá tàbí tí kò gbọ́ oògùn mìíràn mọ́ wà nínú ọ̀kan. Aláìsàn 23 tí kókó jẹjẹrẹ wọn ti tàn wà nínú èkejì. Ohun tí irú ìdánwò báyìí ń wá kò pọ̀: bí oògùn náà ṣe rí lára, ìwọ̀n tó ga jù tí ara lè gbà, àti ìwọ̀n tí wọn yóò gbé lọ sí ìpele kejì. Bí wọ́n ṣe ń gbé ìwọ̀n rẹ̀ sókè ni ohun méjì yọjú. Lákítéètì inú ẹ̀jẹ̀ àwọn aláìsàn ń ga, iṣan ìmọ̀lára wọn sì ń bàjẹ́.

Ti lákítéètì kò yẹ kó ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Bí Complex I bá ti dí, gbogbo ẹran ara á yíjú sí jíjá ṣúgà, lákítéètì á sì máa ṣàn jáde. Lójoojúmọ́ ayé, ẹ̀dọ̀ ló ń gbá a mọ́: ó ń mú lákítéètì méjì, ó ń sọ wọ́n padà di ṣúgà kan, ó sì ń ná ATP mẹ́fà lórí iṣẹ́ yẹn. Ibo ni ẹ̀dọ̀ ti ń rí ATP mẹ́fà náà? Nínú mímí ni. Oògùn kan náà tó mú kí ẹran ara máa tú lákítéètì jáde ló dè ẹ̀dọ̀ lọ́wọ́. Ọ̀nà méjèèjì ni gbèsè náà ń gbà wọlé.

Àwọn tó ń tọ́jú àtọ̀gbẹ ti rí èyí rí. Metformin tí ọ̀pọ̀ ìyá àti bàbá wa ń lò lè dí Complex I díẹ̀, wẹ́rẹ́ báyìí, ìdí nìyẹn tí dókítà fi máa ń wo kíndìnrín, tó ń kó o jáde kúrò lára, kó tó kọ ọ́ fúnni. Phenformin, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó le jù ú lọ, ni Amẹ́ríkà yọ kúrò lórí àtẹ ní ìparí àwọn ọdún 1970 nítorí lákítéètì tó ń pa aláìsàn. IACS-010759 lágbára ju méjèèjì lọ ní ìlọ́po ìlọ́po. Èmi kò sọ pé ó yẹ kí wọ́n tìtorí èyí fi oògùn náà sílẹ̀. Jẹjẹrẹ tó ti kọ gbogbo ìtọ́jú kò ṣe é fi wé àtọ̀gbẹ. Ṣùgbọ́n àmì ti wà nílẹ̀, ogójì ọdún ṣáájú.

Ti iṣan ìmọ̀lára ló le jù. Sẹ́ẹ̀lì iṣan ìmọ̀lára kì í pín, nítorí náà ọ̀rọ̀ áspátéètì kò kàn án tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ó gùn. Èyí tó ti ẹ̀gbẹ́ ọ̀pá ẹ̀yìn dé ọmọ ìka ẹsẹ̀ àgbàlagbà lè tó mítà kan, sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo sì ni. Gbogbo gígùn rẹ̀ ni mitokọ́ńdíríà gbọ́dọ̀ wà, tí wọn yóò máa ṣe ATP tó ń gbé ẹrù lọ gbé ẹrù bọ̀, tó sì ń mú kí ìmọ̀lára lè rìn. Àwọn tí wọ́n bí pẹ̀lú Complex I tó ní àbùkù ti jẹ́rìí sí i: nínú àìsàn Leber, èyí tó sábà máa ń mú àwọn ọ̀dọ́kùnrin, iṣan tó so ojú mọ́ ọpọlọ ló ń kú, ìríran á sì lọ, bẹ́ẹ̀ ọkàn àti ẹ̀dọ̀ lè máa ṣiṣẹ́ wọn lọ.

Ohun méjèèjì yìí ló há ìdánwò náà mọ́. Ìwọ̀n tó lè dí mímí kókó dé ibi tó yẹ, ara kò gbà á. Ìwọ̀n tí ara gbà, kò dí mímí kókó tó. Ẹnì kan tó ní jẹjẹrẹ ẹ̀yà prostate rí ìtura gidi, kókó rẹ̀ súnkì, ìrora rẹ̀ sì lọ. Ní ti gbogbo àwọn tó kù, èrè náà kéré. Wọ́n dá ìdánwò méjèèjì dúró.

Wọ́n padà sọ́dọ̀ eku

Ohun tí mo yìn jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí ni ohun tí wọ́n ṣe tẹ̀lé e. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ á ti kó fáìlì sínú dúrọ́ọ̀. Àwọn wọ̀nyí gbé oògùn náà padà lọ sára eku, wọ́n sì bi eku ní ìbéèrè tí wọn kò bi í tẹ́lẹ̀: ṣé ẹsẹ̀ ń dùn ọ́? Eku dáhùn. Ìṣe wọn àti bí iṣan wọn ṣe ń ṣiṣẹ́ yí padà lọ́nà tó fi hàn pé iṣan ìmọ̀lára wọn ti bàjẹ́. Nígbà tí wọ́n fi oògùn mìíràn tó ń dènà ẹ́ńsáìmù HDAC6 kún un, ìbàjẹ́ náà dín kù.

Ẹ jẹ́ ká dúró níbí díẹ̀. Ẹnì kan lè ní eku kò jọ ènìyàn, ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrú, iṣan rẹ̀ kò ju sẹ̀ǹtímítà mélòó kan lọ, ìdí nìyẹn tí a kò fi rí i. Ó lè jẹ́ òótọ́ pé gígùn iṣan ènìyàn dá kún un. Ṣùgbọ́n ìbàjẹ́ náà wà lára eku. Ohun tó sábà máa ń wà lẹ́yìn gbólóhùn náà pé "ara eku gbà á", nínú iṣẹ́ kókó jẹjẹrẹ níbikíbi láyé, ni pé ìwọ̀n ara rẹ̀ kò já, kò ká gúlútú sí kọ̀rọ̀, irun rẹ̀ kò sì dìde. Eku tí ẹsẹ̀ ń jó lè jẹun kó sì sanra. Kò ní ẹnu tí yóò fi sọ pé àtẹ́lẹsẹ̀ òun ń ta òun bí abẹ́rẹ́. Ènìyàn ni yóò mú okùn tín-ín-rín, tí yóò fi tọ́ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀, tí yóò sì wo bó ṣe yára fà á sókè tó. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú díẹ̀ ni lórí eku kan, okùn náà kò sì wọ́n.

Ní láàbù

Ẹni tó bá fẹ́ wọn mímí ẹran ara lára eku tó ní kókó, kó má ṣe wọn kókó nìkan. Nínú eku kan náà, ní ọjọ́ kan náà, ẹ̀dọ̀, ọkàn àti iṣan ìmọ̀lára itan yẹ kó wà lórí tábìlì, kí lákítéètì inú ẹ̀jẹ̀ ìrù sì wà nínú ìwé. Ọ̀wọ́ eku mẹ́rin ló sì yẹ kó wà, kì í ṣe méjì: aláìní-kókó tí kò gba oògùn, aláìní-kókó tó gbà á, oníkókó tí kò gbà á, oníkókó tó gbà á. Kókó fúnra rẹ̀ máa ń yí ẹ̀dọ̀ ẹni tó gbé e padà, pàápàá nígbà tó bá ti ń mú ara rù. Láìsí ọ̀wọ́ àwọn aláìní-kókó, ohun tí kókó ṣe ni wọn yóò kà sí oògùn lọ́rùn.

Oúnjẹ tí a fún mitokọ́ńdíríà nínú ìgò ṣe pàtàkì ju bí ọ̀pọ̀ ṣe rò lọ. Succinate ni ọ̀pọ̀ láàbù máa ń lò nítorí pé mímí á ga pẹ̀lú rẹ̀, àwòrán á sì dára. Ṣùgbọ́n Complex II ni ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù succinate ń gbà wọlé, kò kan Complex I rárá. Oògùn lè ti dí Complex I pátápátá kí ẹ̀rọ ṣì máa sọ pé kò sí nǹkan tó ṣe é. Pyruvate pẹ̀lú malate, tàbí glutamate pẹ̀lú malate, àwọn oúnjẹ tí ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù wọn ń gba Complex I wọlé, ni yóò tú àṣírí rẹ̀. Succinate á tẹ̀lé e, kí a lè mọ̀ pé ibi tí a fura sí ni ìdènà náà wà.

Àkókò ńkọ́? Kókó tó ti gba oògùn fún ọ̀sẹ̀ méjì ti ní òkú sẹ́ẹ̀lì púpọ̀ láàárín rẹ̀. Gé e, wọ̀n ọ́n, ọ́síjìn tí ìwọ̀n ẹran kan ń lò á ti lọ sílẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé oògùn náà kò fọwọ́ kan mitokọ́ńdíríà kankan. Òkú kì í mí. Oògùn tó ń ba DNA jẹ́ lásán lè gba orúkọ aṣèdíwọ́ mímí lọ́nà yẹn. Wákàtí díẹ̀ lẹ́yìn ìgbà àkọ́kọ́ tí eku gbé oògùn mì, kí kókó tó bẹ̀rẹ̀ sí í kú, ni ìwọ̀n tó ní ìtumọ̀ wà. Kí a sì tún fi iye mitokọ́ńdíríà tó ṣẹ́kù pín èsì náà, èyí tí citrate synthase, ẹ́ńsáìmù inú mitokọ́ńdíríà, lè jẹ́ kí a mọ̀.

Àwọn tó kọ ìròyìn 2023 kìlọ̀ pé kí àwọn tó ṣì ń ṣe oògùn tó ń dí Complex I fún jẹjẹrẹ rọra. Àwọn kan ti yí ìbéèrè náà padà. Ní Oxford, wọ́n fún àwọn tó ní jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró ní atovaquone kí wọ́n tó ṣiṣẹ́ abẹ fún wọn. Oògùn ibà ni, èyí tí wọ́n máa ń pa pọ̀ mọ́ proguanil. Complex III ló ń dí, kò sì le tó IACS-010759. Wọn kò ní kó pa kókó. Ohun tí wọ́n ń wá ni pé kí mímí kókó rọlẹ̀ díẹ̀, kí ọ́síjìn lè dé àárín rẹ̀ níbi tí kì í dé, nítorí pé ìtọ́jú onítànṣán kì í ṣiṣẹ́ dáadáa níbi tí ọ́síjìn kò sí. Àwòrán tí wọ́n yà nínú ìròyìn wọn ní 2021 fi hàn pé ibi tí ọ́síjìn ti wọ́n nínú kókó ọ̀pọ̀ nínú wọn dín kù, pẹ̀lú ìwọ̀n oògùn tí ara ènìyàn ti mọ̀ tipẹ́.